Bàbá Àgbà àti Àlọ́ Ọ̀sán

Bàbá tó bí màmá mi ò fẹ́ràn ìyìn rárá. Tí èèyàn bá sọ fún wọn pé àwọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe dára, wọ́n á ní kó jẹ́ kí ẹja kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ná. Nítorí náà, mi ò ní yìn wọ́n níbí. Mo kàn fẹ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ilé tó fi ẹnu sọ wọ́n di ẹlòmíràn, torí láti ìgbà tí a ti sin wọ́n ni ọ̀rọ̀ dídùn ti pọ̀ jù. Obìnrin kan dì mọ́ mi ní Ajah lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní Bàbá Àgbà kì í bínú. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ṣùgbọ́n mo ń rò ó nínú mi pé, Bàbá Àgbà wo? Èyí tó máa ń bá rédíò jà?

Wọ́n máa ń bá rédíò jà lóòótọ́. Rédíò kékeré kan ni, òwú àwọ̀n ni wọ́n fi so ìdérí bátìrì rẹ̀. Nígbàkigbà tí oníròyìn bá ti sọ pé òkun ya wọ àdúgbò kan, Bàbá Àgbà á gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n á kọjú sí rédíò. Wọ́n á ní, "Dúró ná. Ṣé òkun ló ya wọ ìlú, àbí ìlú ló ya wọ òkun?" Wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì. Tí oníròyìn bá ń bá tirẹ̀ lọ, wọ́n á pa á. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún tàn án, torí wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹni tó borí nínú bọ́ọ̀lù.

Abúlé wọn wà lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, lápá ọ̀nà tó lọ sí èbúté ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, iyanrìn ló wà láàárín. Èmi àti màmá mi ń gbé ní Ajah, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni mo ti ń lo gbogbo họlidé mi. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ wọ́n, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú omi mọ́. Abẹ́ igi frúùtù ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀, wọ́n á máa tún àwọ̀n àwọn ẹlòmíràn ṣe, àwa ọmọ á máa bá wọn di etí àwọ̀n mú. Tí o bá fi ihò kékeré kan sílẹ̀ pé kò jọ nǹkan kan, wọ́n á já gbogbo ọ̀wọ́ yẹn, wọ́n á ní kó o tún un bẹ̀rẹ̀. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní ibi tó dáa pọ̀ ju ibi tó ya lọ. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹja ò ní wá ibi tó dáa lọ."

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń fọ sùtánà wọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n ní àwa ọmọ ìsinsìnyí ń fi ọṣẹ ṣòfò. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ. Ìgbàgbọ́ wọn jinlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rù láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wòlíì obìnrin kan ríran sí wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan pé kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Àgbà kúnlẹ̀, wọ́n gbọ́ ìran náà tán. Wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Ẹ̀mí bóyá ó lè di ọ̀la. Mo ti se ẹja ọ̀bọ̀kún sílẹ̀." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àfi wòlíì. Ọ̀la ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, wọ́n sì gbà á pé ọjọ́ méje.

Ẹni tí mò ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa fi mọ̀ wọ́n jù ni ọ̀rọ̀ Ìlú Méje.

"Ìlú méje ló wà níbi tí òkun wà báyìí." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nídìí àwọ̀n, lójú oòrùn gan-an. Ìlú kan wà tó jẹ́ iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sunkún gbọ́dọ̀ jáde síta, kí omi ojú má baà yọ́ ògiri. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́jà. Ẹ ó rí arúgbó tó ń fi ohùn ọmọ ọdún márùn-ún kí yín, ọmọ ọdún márùn-ún á máa fi ohùn arúgbó húkọ́. Òmíràn ò ní ilẹ̀kùn, orí òrùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, olè pàápàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí onílé kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìlú keje ni ti àwọn aláwọ̀n, àwọn tó ń fi àwọ̀n mú afẹ́fẹ́. Mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá Àgbà mọ orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ èyí tí eyín ń dùn nínú wọn.

Ohun tó pa ìlú méjèèje run ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ilẹ̀ ò tó àwọn ọba mọ́. Ọba ìkíní lọ sí etíkun, ó ní, "Òkun, jọ̀ọ́, sún díẹ̀." Òkun jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó ní, "Ó dáa, mo ti sún." Ọba kejì lọ, òkun tún sún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀yìn òkun fi kan ògiri sánmà. Nígbà tí ọba keje dé, òkun bi í pé, "Ẹ ti wo ẹ̀yìn mi?" Ọba ò wò ó. Ó ní, "Ṣáà sún díẹ̀ sí i." Òkun ní, "Ó dáa." Ó gba ibi kan ṣoṣo tó kù fún un láti gbà. Kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó jiná lórí iná, ìlú méje ti parí. Ilé iyọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn olóhùn fẹ́ ké gbàmí, ṣùgbọ́n kálukú ò tètè rántí ọ̀dọ̀ ẹni tí ohùn òun wà. Títí di òní, Bàbá Àgbà á ní, ohùn wọn ló ń pariwo nínú ìgbì yẹn láìní ọ̀rọ̀ nínú.

Ẹnì kan ló yè. Aláwọ̀n kan ni, ó wọnú àwọ̀n ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé e sọ sórí iyanrìn wa. Ó dìde, ó gbin àgbọn kan síbí, ó gbin òmíràn sọ́hùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí àgbọn yìí, Bàbá Àgbà á gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sókè, wọ́n á wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni kẹ́ ẹ tó ní kó sún."

Ẹ̀yin náà mọ bí àlọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Apàlọ́ á ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn tó ń gbọ́ á ní, "Ààlọ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ Yorùbá sì mọ̀ pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá pa á, àti ẹni tó bá dáhùn ún, òbí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kú. Bàbá Àgbà ò sọ "Ààlọ́ o" rí tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Ìlú Méje. Ọ̀sán ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Kí ni ọmọ ọdún méje á rò? Mo gbà pé ìtàn ni, pé àwa la ṣẹ́kù nínú aláwọ̀n yẹn. Mo dàgbà tán, mo ṣì gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́nà kan. Mo mọ̀ pé ilé iyọ̀ ò lè jẹ́ òótọ́, mo kàn rò pé àwọn àgbà fi iyọ̀ sí i ni.

Èmi ni mo fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń bá wọn dì í pọ̀. Lọ́dún kan, mo fẹ́ fún Bàbá Àgbà ní ẹ̀bùn Kérésì, mo bá tẹ Ìlú Méje sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo yọ ilé iyọ̀ kúrò. Mo yọ ọjà ohùn kúrò, mo yọ ọba tí eyín ń dùn. Ohun tó kù ni pé àwọn baba ńlá wa ti ìlú ọlá kan wá, ìjì lé wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ iyanrìn yìí dó, ibi tí àgbọn wọn sì dé ni ilẹ̀ wọn dé. Mo kọ Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìdílé Wa sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Bàbá Àgbà wọ gíláàsì, wọ́n kà á tán lábẹ́ igi frúùtù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o mà ti fọ ọ́. Ọṣẹ yìí pọ̀." Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá, àkọ́bí Bàbá Àgbà, rí ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀dà márùn-ún fún àwọn. Inú mi dùn débi pé mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ìjọba fẹ́ la ọ̀nà kan kọjá abúlé wa àti abúlé tó tẹ̀ lé e. Abúlé kejì yìí ni ti Bàbá Sùúrù, ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà, tí àwọn méjèèjì ti jọ wa ọkọ̀ ẹja kan náà láti ìgbà ọ̀dọ́. Wọ́n ní ìdílé tó bá ni ilẹ̀ ni wọ́n máa fún ní ibòmíràn láti kọ́lé sí. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó lọ bá onílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí kálukú wá sọ bó ṣe débẹ̀. Nínú ìwé tí mo tẹ̀, àgbọn kejì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Sùúrù gan-an. Tí wọ́n bá gba ìwé yẹn, àwọn èèyàn Bàbá Sùúrù á di àlejò wa lọ́sàn-án kan ṣoṣo, wọn ò sì ní ní ibì kankan láti kó ọmọ wọn lọ.

Mi ò ní sọ pé èèyàn burúkú ni Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Wọ́n ti rí àwọn ìdílé tó ti ń tọrọ ibi tí wọ́n á sin òkú wọn sí, wọ́n ní ti àwa ò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn wọn ò gbọ̀n. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi tẹ̀. Bàbá Sùúrù wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, fìlà wọn wà lórí itan wọn. Wọ́n kàn ń wo Bàbá Àgbà.

Akọ̀wé ìpàdé, ọ̀dọ́kùnrin kan, ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá dá a lóhùn pé, "Bàbá fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún wa láti kékeré." Òótọ́ sì ni.

Bàbá Àgbà di ọ̀pá wọn mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún. Wọ́n wo bẹ́ǹṣì tí Bàbá Sùúrù wà láti orí dé ìdí, títí dé ibi tí ìyàwó ọmọ Bàbá Sùúrù jókòó sí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n wá gbé ohùn sókè, ní nǹkan bíi aago kan ọ̀sán. "Ààlọ́ o!"

Gbogbo àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ààlọ̀!" Ó ti jáde lẹ́nu wọn kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ̀rín wá sọ, akọ̀wé ń wòtún wòsì, ó ń bi èèyàn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá akọ̀wé," Bàbá Àgbà ní, "ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀. Àlọ́ ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi dá a."

Ọkùnrin kan nínú ẹbí wa ń bínú, ó ní, "Bàbá, àlọ́ lọ́sàn-án gangan?"

"Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú. Ta ló kù tí àlọ́ lè pa? Ọmọ òrukàn ló ni àlọ́ ọ̀sán." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ìtàn gidi, kò sì gùn. Ìjì dà bàbá bàbá wọn sínú omi, àwọn ará ilé Bàbá Sùúrù fà á jáde, wọ́n fún un ní ibi tí a wà. Ó parí. Wọ́n jókòó.

Mo wo Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá. Nígbà tí gbogbo ilé dáhùn, ẹnu wọn ò là. Wọ́n ká ìwé mi, wọ́n fi sí àpò, wọ́n jáde.

Àwọn ìjọba kọ orúkọ Bàbá Sùúrù àti ti àwọn èèyàn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Wọ́n kọ tiwa náà, ní ìwọ̀n tó jẹ́ tiwa. Ibi tí wọ́n fún wa kéré, ẹbí sì bínú, àwọn kan ní arúgbó ti ń ṣarán. Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá ò wá kí bàbá wọn mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń fi oúnjẹ rán màmá mi, wọ́n ń fi oògùn orúnkún rán an, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé "Bá mi kí Bàbá." "Gbé e fún wọn" ni wọ́n máa ń sọ.

Mo lọ bẹ Bàbá Àgbà. Mo ní èmi ni mo tẹ irọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn náà ló kọ́kọ́ pa á fún mi, tí wọn ò sọ "Ààlọ́ o". Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Wọ́n ń wọ òwú sínú abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ní, "Èmi lè pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dáhùn ńkọ́? Ìyá ẹ wà láàyè. Nítorí yín ni mo ṣe gé e kúrò." Wọ́n tún ní, "Tèmi kì í ṣe irọ́. Àlọ́ ni. Èyí tó o fọ̀ yẹn ló di irọ́."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí i fún mi. Wọ́n pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan nígbà èwe wọn, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ní, "Ẹ sún díẹ̀." Ẹni àkọ́kọ́ sún, ẹnì kejì sún, bẹ́ẹ̀ ni títí ọmọbìnrin kan tó wà ní ìpẹ̀kun fi bọ́ sórí iyanrìn. Ọmọbìnrin náà ò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ó dáa, mo ti sún." Òun ni Bàbá Àgbà padà fẹ́, ìyá tó bí màmá mi, tó ti kú kí n tó dáyé. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn ń bẹ̀ ẹ́ ni àwọn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òkun fún un.

Láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá ti bínú lọ, Bàbá Àgbà ń fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bíbélì wọn ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ tí wọ́n bá ní kí wọ́n sún, Bàbá Àgbà tí wọ́n ti ń fi gbogbo ayé sún fún èèyàn ò ní sún. Wọ́n á ní, "Ẹni tó ni ibẹ̀ ń bọ̀." Gbogbo ìjọ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó dùn mí púpọ̀, torí èmi ni mo tẹ ìwé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àìsàn wọn. Màmá mi pe Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Àárọ̀ ọ̀la yẹn ni Bàbá Àgbà kú. Ìrọ̀lẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá dé, wọ́n jókòó ti òkú náà pẹ́.

Nígbà ìsìnkú, ọ̀sán ni, a to bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì síta lórí iyanrìn. Àwọn èèyàn Bàbá Sùúrù wá lódindi, àtọmọdé àtàgbà, àyè ò sì gbà wọ́n. Ẹnì kan pariwo pé, "Ẹ sún díẹ̀ fún wọn." Mo rí Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá tí wọ́n dìde kíá, wọ́n rìn lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà láti wo ẹni tó wà níbẹ̀. Bàbá Sùúrù fúnra wọn ni, wọ́n ti fi ìdajì ìdí jókòó. Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá mú wọn lọ́wọ́, wọ́n mú wọn lọ sí àga ọmọ olóògbé níwájú pósí.

Nígbà tó kan ọmọ olóògbé láti sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá ò mú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n dúró nínú sùtánà, ẹsẹ̀ wọn wà lásán lórí iyanrìn gbígbóná. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, Bàbá mi pe àlọ́, gbogbo yín dáhùn. Ẹ rí i pé èmi ò dáhùn. Ẹ ní inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́." Wọ́n fi ọwọ́ kan pósí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn. Bàbá mi wà láàyè."

Wọ́n yíjú sí òkun, wọ́n gbé ohùn sókè. "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" Bàbá Sùúrù ló kọ́kọ́ dáhùn, àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn. Màmá mi dáhùn pẹ̀lú ohùn tó fọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn tí wọ́n lè dáhùn lọ́sàn-án.

"Ìlú méje ló wà níbi tí òkun wà báyìí," Bọ̀ọ̀dá Múyìíwá ní. "Ọ̀kan nínú wọn, iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn."

"Ààlọ̀" tèmi náà ti dé orí ahọ́n mi láti ìgbà tí wọ́n ti pe àlọ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo sì di ọwọ́ màmá mi mú.